Ọkọ̀ Tó Forí Sọ: Èwo La Lè Tún Ṣe Nílé, Èwo La Ò Gbọdọ̀ Dán Wò?

Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọkọ̀ tó ti forí sọ rí. Ẹ ó rí i tó ń dán gbinrin ní Panṣẹ́kẹ́, ọ̀dà rẹ̀ ń tàn bíi dígí, àmọ́ ohun tó wà lábẹ́ ọ̀dà yẹn, ẹni tó tún un ṣe nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ọkọ̀ ló ń bọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa. Àwọn kan ń fi kó ẹrù oko láti Òdèdá wá sí Láfẹ́nwá, àwọn kan ń fi ná Èkó àti Ṣágámù. Bí ọkọ̀ bá ní ìjàǹbá, iṣẹ́ dúró nìyẹn, bẹ́ẹ̀ owó ilé-ìwé ọmọ kì í dúró. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ wa fi ń gbé ọkọ̀ sí iwájú ilé, tí a ó pe panẹbítà wá síbẹ̀, kí owó lè mọ níwọ̀n. A ò sọ pé kò dáa. Ohun tí a fẹ́ sọ lóṣù yìí ni ibi tó yẹ kí iṣẹ́ ilé mọ, nítorí owó tí a ṣọ́ lára ọkọ̀ lè di owó tí a ó ná ní ọsibítù.

KÍ ẸNIKẸ́NI TÓ FI HÁMÀ KÀN ÁN

Bí ẹnì kan bá fara pa, tàbí tí nǹkan oníǹkan bàjẹ́, ẹ jẹ́ kí ọlọ́pàá tàbí ẹ̀ṣọ́ ojú pópó mọ̀ kí ẹ tó gbé ọkọ̀ lọ sílé. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ yí ká. Bí adójútòfò yín bá kan ọkọ̀ tiyín náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n wá wò ó ná. Ọkọ̀ tí a ti tún ṣe tán kí wọ́n tó dé, àríyànjiyàn ló ń dá sílẹ̀. Ẹ má sì gbàgbé pé ìwé adójútòfò tí òfin fi dandan lé, èyí tí a ń pè ní third party, kì í tún ọkọ̀ tiwa ṣe. Ẹni tí a kọlù ló wà fún. Ní oṣù kìíní 2023, wọ́n gbé owó rẹ̀ fún ọkọ̀ àdáni láti ₦5,000 sí ₦15,000, wọ́n sì fi mílíọ̀nù 3 náírà ṣe òpin ohun tí wọ́n lè san lórí dúkìá ẹlòmíràn tó bàjẹ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wọn ọkọ̀ náà. Ẹ gbé e sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n ní ìdábùú lábẹ́, láti ojú nọ́ọ̀tù kan lápá òsì níwájú dé ojú nọ́ọ̀tù kan lápá ọ̀tún lẹ́yìn. Ẹ tún mú ojú nọ́ọ̀tù tó ṣe ìkejì wọn, láti ọ̀tún níwájú dé òsì lẹ́yìn. Iye méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu. Bí wọn ò bá bára mu, ara ọkọ̀ ti wọ́ nìyẹn, iṣẹ́ náà sì ti kúrò ní iṣẹ́ iwájú ilé. Ẹ wo àlàfo ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn pẹ̀lú: bó bá fẹ̀ lókè, tó fún nísàlẹ̀, àmì kan náà ni.

ÌJÀPÁ KỌ́ LÀ Ń GÙN MỌ́

Àwọn àgbà inú ẹgbẹ́ á rántí 1975, ọdún tí Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Kàdúná, tí Volkswagen náà bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Fẹ́ńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin Volkswagen Ìjàpá, nọ́ọ̀tù ni wọ́n fi dè wọ́n. Bí ọ̀kan bá rún, ẹ tú u, ẹ de òmíràn, ó parí. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tí à ń gùn lónìí kò ní ṣásísì ọ̀tọ̀; bọ̀dì náà ni ṣásísì. Iwájú àti ẹ̀yìn wọn sì rèé, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kó lè rún ni. Béla Barényi, ẹnjiníà ilé iṣẹ́ Mercedes-Benz, ló gbé ọgbọ́n yìí kalẹ̀, ọkọ̀ wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní 1959. Irin iwájú á rún, á gba agbára ìkọlù náà sára, kó má bàa dé ọ̀dọ̀ àwọn tó jókòó sínú.

Nítorí náà, bí panẹbítà bá ní, "Bàbá, mo ti fi irin tó nípọn sí i o, kò lè rún mọ́ láyé," ẹ má tíì dúpẹ́. Irin tó bá kọ̀ tí kò rún, èèyàn inú ọkọ̀ ló máa gba ìyà rẹ̀ jẹ.

ÈYÍ TÍ A LÈ ṢE NÍLÉ

Ohunkóhun tí wọ́n fi nọ́ọ̀tù dè ṣeé pààrọ̀ nílé: bọ́ńpà, iná iwájú, fẹ́ńdà, bọ́ńẹ́ẹ̀tì, rádíátọ̀. Ẹni tó bá lè dé Ládípọ̀ ní Múṣin, ẹ mú ògbólógbòó tó bàjẹ́ dání, kí wọ́n má bàa ta ti ọdún mìíràn fún yín.

Ibi tó kàn tẹ̀ wọnú díẹ̀ náà ṣeé ṣe. Ọ̀gá á fi irin gbá a mú lẹ́yìn, á máa fi hámà lù ú níwájú díẹ̀díẹ̀, láti etí wá sí àárín. Bí irin bá ti jókòó dáadáa, pọ́tì fẹ́ẹ́rẹ́ ló kù, kó má ju mílímítà 3 lọ. Pọ́tì tó bá nípọn á sán, omi á wọ̀ ọ́, ìpẹtà á sì bẹ̀rẹ̀. Ẹ yọ òòfà lára sípíkà tó ti bàjẹ́, ẹ fi kan ibẹ̀: bí kò bá lẹ̀ mọ́ ọn, pọ́tì ni wọ́n fi mọ ọkọ̀ yín. Òòfà yìí náà ni kí ẹ mú dání bí ẹ bá fẹ́ ra tòkunbọ̀.

Ní ti ọ̀dà, ẹ jẹ́ kí òjò dáwọ́ dúró. Ọ̀rinrin máa ń jẹ́ kí ọ̀dà ṣe funfun bí ẹni da eérú sí i.

ÈYÍ TÍ A Ò GBỌDỌ̀ DÁN WÒ

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Bí ìdábùú ọkọ̀ kò bá bára mu, ká so ó mọ́ igi máńgòrò, ká fi ṣéènì fà á, kì í ṣe àtúnṣe. Á wá síwájú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló mọ̀ bó ṣe kù sí? Ká sì fi gáàsì sun ún títí á fi pọ́n, irin líle ọkọ̀ òde òní ń rọ̀ nípa bẹ́ẹ̀, agbára rẹ̀ kì í padà wá. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ tí a fi ń tò ó ni kí ẹ gbé e lọ. Bákan náà ni bíréèkì àti sítíárìn. Bẹ́líìtì ìjókòó tó ti gba èèyàn dúró nínú ìjàǹbá kan, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Okùn rẹ̀ ti nà. Àpò afẹ́fẹ́ tó ti bẹ́ jáde láti inú sítíárìn kò ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ẹ má ká a padà sínú kí ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pa.

EWU ILÉ

Bí iṣẹ́ yóò bá wáyé nílé, ẹ yọ wáyà bátìrì kí wẹ́dà tó bẹ̀rẹ̀, kó má bàa jó brain box. Ẹ yọ táǹkì epo kúrò bí iná yóò bá sún mọ́ ọn. Ẹ gbé àgbá kábáídì jìnnà sí ilé ìdáná àti sí ẹni tó ń mu sìgá. Ẹ má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tó dúró lórí jákì nìkan. Ẹ fi igi tó lágbára há a. Ẹ lé àwọn ọmọdé jìnnà, pàápàá lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń fín ọ̀dà, nítorí èéfín rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

OWÓ Ẹ̀YÁWÓ ŃKỌ́?

Kí ẹ tó kọ̀wé béèrè owó, ẹ gba iye lẹ́nu ọ̀gá méjì, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: irin lọ́tọ̀, iṣẹ́ ọwọ́ lọ́tọ̀, ọ̀dà lọ́tọ̀. Ẹ fi díẹ̀ lé e, torí bí wọ́n bá tú iwájú ọkọ̀, nǹkan mìíràn á tún yọjú. Ẹ má san gbogbo owó tán lọ́jọ́ kan. Bí iṣẹ́ bá ṣe ń lọ ni kí owó máa lọ. Bí owó àtúnṣe bá fẹ́ẹ̀ tó owó tí wọ́n lè ra ọkọ̀ náà, ẹ tà á fún àwọn tó ń tú ọkọ̀ tà, kí ẹ fi ẹ̀yáwó ra òmíràn. Ẹ rántí àwọn onídùúró yín. Bí ọkọ̀ bá tún já lójú ọ̀nà, ọrùn wọn ni gbèsè ń bọ̀.

Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ ní 1988, Wọlé Ṣóyínká, tí wọ́n bí ní Abẹ́òkúta níbí, ni wọ́n fi ṣe alága àkọ́kọ́. Ìlú wa ti bá wọn jà fún ojú pópó láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó kù sọ́wọ́ àwa náà láti má gbé ọkọ̀ tó ń ṣàìsàn jáde. Kí Elédùmarè má jẹ̀ẹ́ ká rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Àmín.