Ọ̀sẹ̀ Kìíní Ni Èrè Adìyẹ Wà

 

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kan àwọn tó ń ta adìyẹ láàyè, ó kan àwọn tó ń ta oúnjẹ adìyẹ, ó sì kan ẹnikẹ́ni tó ń sin brọ́ílà díẹ̀ sẹ́yìn ilé de ọdún Kérésì.

Lọ́dún tó kọjá, àwa mélòó kan dáwó jọ, a ra igba ọmọ adìyẹ ọlọ́jọ́ kan. Nígbà tí a dé ìsọ̀ oúnjẹ, a rí i pé sítátà wọ́n ju fíníṣà lọ. A ní, ṣebí oúnjẹ adìyẹ náà ni gbogbo ẹ̀! Fíníṣà la rà. Ọmọ ẹgbẹ́ wa ló tà á fún wa. Ó mọ̀ pé ọmọ adìyẹ la ní nílé, kò sọ nǹkan kan. A ò bá a jà, torí àwa náà ò bèèrè.

Kó tó pé ọjọ́ mẹ́wàá, díẹ̀ tóbi, èyí tó kù rí bí ẹyẹ ẹ̀gà. Ìgbẹ́ lẹ̀ mọ́ wọn nídìí. Ọ̀kan kú lónìí, mẹ́ta kú lọ́la. Nígbà tí ọdún dé, oníbàárà á gbé adìyẹ wa wò, á tún gbé e sílẹ̀. Bí a ṣe pàdánù nìyẹn.

Dókítà ẹran tí a lọ bá ló là wá lójú. Ó ní ọmọ adìyẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin kò ju nǹkan bí 40 gíráàmù lọ, ṣùgbọ́n tó bá fi máa pé ọjọ́ méje, ó yẹ kó ti tó ìlọ́po mẹ́rin. Kí ẹran tó yọ lára rẹ̀, ìfun rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń dàgbà. Nínú ìfun yẹn, àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ kan wà tó rí bí irun ara aṣọ ìnura. Àwọn ló ń fa oúnjẹ sínú ẹ̀jẹ̀. Tí wọn ò bá gùn dáadáa, oúnjẹ á kàn gba ẹnu wọlé, á gba ìdí jáde. Owó wa la ń dà sílẹ̀ yẹn. Purotéènì, ìyẹn èròjà amáradàgbà, ló sì ń kọ́ ìfun náà.

Ìdí nìyí tí purotéènì inú sítátà fi máa ń tó ìdá 22 tàbí 23 nínú 100, tí ti fíníṣà jẹ́ nǹkan bí 18 sí 20. Àgbàdo nìkan kò ju 8 tàbí 9 lọ. Ẹ̀wà sóyà, ẹ̀pà tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀, àti ẹja gbígbẹ lílọ̀ ló ń gbé e sókè.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé kó ṣáà pọ̀. Sóyà tí wọn ò yan máa ń dí ikùn lọ́wọ́, kò ní jẹ́ kí purotéènì dà. Ẹ̀pà tó ti bu, májèlé ni. Purotéènì tí kò bá dà, ìsàlẹ̀ ìfun ló ń lọ, kòkòrò àìfojúrí á rí i jẹ, wọ́n á pọ̀ sí i, wọ́n á sì dá ọgbẹ́ sí ìfun.

Àwọn kan ní, "A ó kúkú máa po oògùn apakòkòrò mọ́ omi wọn." Ẹ jọ̀ọ́ o! Láti ọdún 2006 ni àjọ àwọn ilẹ̀ Yúróòpù ti fòfin de kí wọ́n máa po irú oògùn bẹ́ẹ̀ mọ́ oúnjẹ ẹran kó lè tètè sanra, torí kòkòrò á mọ oògùn náà lára, kò ní ran àwa àtọmọ wa mọ́ lọ́jọ́ àìsàn. Dókítà ẹran ni kó sọ ìgbà tí oògùn yẹ.

Ohun tí a pinnu láti máa ṣe rèé:

1. Lọ́jọ́ tí ọmọ adìyẹ bá ti dé, ká fún un ní omi mímọ́ àti sítátà lójú ẹsẹ̀. Lóòótọ́, ó ṣì ní pupa ẹyin díẹ̀ nínú tó lè gbé e fún bí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ṣùgbọ́n oúnjẹ ẹnu ló ń jí ìfun.

2. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ká fọwọ́ kan àpò oúnjẹ tó wà lọ́rùn rẹ̀. Ó yẹ kó kún, kó sì rọ̀.

3. Ká jẹ́ kí ibùsùn wọn móoru. Adìyẹ tí òtútù ń mú kì í jẹun.

4. Ẹ̀yin tó ń ta oúnjẹ, ẹ bi oníbàárà pé ọjọ́ mélòó ni adìyẹ rẹ̀. Ẹ má ta èyí tó ti bu.

Ẹ wá wo ìṣirò tó dùn wá jù. Ọmọ adìyẹ kan kì í jẹ ju nǹkan bí 160 gíráàmù lọ ní ọ̀sẹ̀ kìíní. Igba adìyẹ, kò ju àpò kan àti díẹ̀ lọ nínú àpò oní-25 kílò. Owó tíńtín tí a ń sá fún nìyẹn, òun ló gbé èrè ọdún kan lọ!

Ẹ jẹ́ ká fi tiwa kọ́gbọ́n. Ọjà á tà o.