Kọ Orúkọ Rẹ̀ Sílẹ̀: Bí A Ṣe Lè Bu Ọlá fún Nọ́ọ̀sì àti Amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ Dókítà Tó Mọṣẹ́

Ìwé ìlàlóye fún àwọn ará Omole, Òjódù, Ògbà, Agídíngbí, Ìkẹjà àti Agége

Bí aláìsàn bá sùn sí ọsibítù fún odidi ọjọ́ kan, dókítà lè yọjú sí i lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, kí ó sì lo ìṣẹ́jú díẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan. Nọ́ọ̀sì ló wà ní wọ́ọ̀dù ní gbogbo wákàtí tó kù. Òun ló ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, òun ló ń ka mímí, òun ló ń wo àwọ̀ ìtọ̀, òun ló sì kọ́kọ́ ń mọ̀ pé ara ẹni tó ń sàn bọ̀ lánàá ti ń yí padà lóru yìí. Síbẹ̀, bí aláìsàn náà bá délé tí ẹbí béèrè ẹni tó tọ́jú rẹ̀, orúkọ dókítà ni yóò dá. Ti nọ́ọ̀sì kò ju “nọ́ọ̀sì kan báyìí” lọ. Ohun tí ìwé yìí fẹ́ là yé wa ni pé àìdárúkọ yìí kọjá àìmoore. Ó ń pa ìtọ́jú lára. Iṣẹ́ rere tí a kò sọ ẹni tó ṣe é, tí a kò sì sọ bó ṣe ṣe é, kò ṣeé fi kọ́ ẹlòmíràn. Èyí tí a bá dárúkọ, tí a kọ sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rí, ni ọsibítù lè sọ di àṣà.

Àwọn wo ni ọ̀rọ̀ yìí kàn?

Ọ̀pọ̀ wa a máa pe gbogbo ẹni tó bá wọ aṣọ funfun ní nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn yàtọ̀ síra. Nọ́ọ̀sì wà, agbẹ̀bí wà, nọ́ọ̀sì tó kọ́ bí a ṣe ń fún ènìyàn lóògùn oorun fún iṣẹ́ abẹ náà wà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àwùjọ tí a ń pè ní CHO àti CHEW sì wà, tí òfin ọdún 1992 fún ní ìgbìmọ̀ ìforúkọsílẹ̀ tiwọn. Ní ilé ìlera alábọ́dé, àwọn wọ̀nyí ló ń yẹ aláìsàn wò, tí wọ́n ń fi ìwé ìtọ́sọ́nà ìjọba mọ àìsàn, tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, tí wọ́n sì ń kọ̀wé rán ènìyàn lọ sí ọsibítù ńlá bí ọ̀ràn bá ju agbára wọn lọ. Lọ́dún 2014, ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà pínpín iṣẹ́ ìlera jáde, tó fún CHEW láyè láti ṣe àwọn iṣẹ́ kan tí wọn kì í jẹ́ kó ṣe tẹ́lẹ̀, bíi fífi ohun ìfètòsọ́mọbíbí sí abẹ́ awọ apá obìnrin. Irú ètò yìí wà níbòmíràn náà. Ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1965, Loretta Ford tó jẹ́ nọ́ọ̀sì àti Henry Silver tó jẹ́ dókítà ọmọdé dá ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Yunifásítì Colorado fún àwọn nọ́ọ̀sì tí yóò lè yẹ aláìsàn wò kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà, Eugene Stead bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn tó ti ṣiṣẹ́ ìlera nínú ọmọ ogun ojú omi ní Yunifásítì Duke, kí wọ́n lè di amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ dókítà. Ghana náà bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Kintampo lọ́dún 1969. Orúkọ oyè yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló ń ṣe ìpinnu lórí ẹ̀mí ènìyàn nígbà tí dókítà kò sí nítòsí. Ẹni tó ń ṣe irú ìpinnu bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí a mọ orúkọ rẹ̀.

Kí ni ẹ̀rí fi hàn?

Ẹ̀rí àkọ́kọ́ ni pé ìtọ́jú wọn kì í ṣe ààbọ̀ ìtọ́jú. Nínú ìwádìí kan tí Mary Mundinger àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde lọ́dún 2000, wọ́n pín àwọn aláìsàn 1,316 ní New York láìṣègbè: àwọn kan lọ sọ́dọ̀ dókítà, àwọn yòókù lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì tó gba ẹ̀kọ́ gíga. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ìlera ìhà méjèèjì kò yàtọ̀ síra. Ẹ̀rí kejì sún mọ́ wa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dún 2023 ni àbájáde ìwádìí E-MOTIVE jáde, èyí tí wọ́n ṣe ní ọsibítù 80 ní Nàìjíríà, Kenya, Tanzania àti South Africa lórí ìsun ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ. Tẹ́lẹ̀, ojú lásán ni agbẹ̀bí fi ń díwọ̀n ẹ̀jẹ̀ tó dà, ojú sì máa ń tan ènìyàn jẹ. Nínú ìwádìí yìí, wọ́n tẹ́ ọ̀rá tó ní ìlà ìwọ̀n sábẹ́ ìyá ìkókó kí ẹ̀jẹ̀ lè máa dà sínú rẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti dé ìlà tí wọ́n fàmì sí, wọn kò gbọdọ̀ fi nǹkan falẹ̀: wọn yóò fọwọ́ ra ilé ọmọ, wọn yóò fún un lóògùn, wọn yóò fa omi sí i lára, wọn yóò sì wo ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń wá. Ìsun ẹ̀jẹ̀ tó le àti àwọn ewu tó ń bá a rìn fi ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ dáadáa. Agbẹ̀bí tí ojú rẹ̀ mú ti wà láti ọjọ́ pípẹ́, ẹni tó máa ń tètè mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ yìí ti pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ nìkan ni ọgbọ́n náà wà, ó sì ń bá a relé bí iṣẹ́ bá parí. Ìgbà tí wọ́n sọ ọgbọ́n náà di ohun tí a lè wọ̀n, tí a sì lè kọ sílẹ̀, ni gbogbo wọ́ọ̀dù mọ̀ ọ́n ṣe. Iṣẹ́ tí ìyìn tó ní ẹ̀rí ń ṣe nìyẹn. Bí àwọn àgbà ṣe ń wí pé yinniyinni kẹ́ni ó ṣèmíràn, a sábà máa ń rò pé ẹni tí a yìn nìkan ni yóò ṣe òmíràn. Ó tún kan àwọn tó gbọ́ ìyìn náà: bí wọ́n bá gbọ́ ohun tó ṣe gan-an, àwọn náà lè ṣe é.

Àwa tí a ń gbé láàárín ilé iṣẹ́, ojú títì márosẹ̀ àti ọ̀nà rélùwéè nílò irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ju ọ̀pọ̀ lọ. Ní 9 March 2023, ní PWD, rélùwéè kọlu bọ́ọ̀sì tó ń kó òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó lọ síbi iṣẹ́. Ẹni mẹ́fà ló kú, LASUTH ní Ìkẹjà ni wọ́n sì gbé àwọn tó fara pa lọ. Bí irú èrò bẹ́ẹ̀ bá wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbogbo ìtọ́jú tó kù gbára lé ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó ń ya ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ fẹ́ bọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ṣì lè dúró díẹ̀. Nọ́ọ̀sì wà lára àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Ní àwọn ilé iṣẹ́ tó wà ní Ọba Akran àti Ògbà, nọ́ọ̀sì kílíníìkì ló sábà ń kọ́kọ́ rí ọwọ́ tí ẹ̀rọ já àti ojú tí kẹ́míkà ta sí. Bí ó bá rọra fi omi fọ ojú náà fún ogún ìṣẹ́jú kí ó tó ní kí wọ́n gbé ọkọ̀ wá, ìyẹn lè jẹ́ ohun tí kò ní jẹ́ kí òṣìṣẹ́ náà fọ́jú.

Ìrántí wa kì í sì í ṣe déédéé. Gbogbo wa mọ orúkọ Dókítà Ameyo Stella Adadevoh, tó dá Ebola dúró ní ọsibítù First Consultants ní Obáléńdé lọ́dún 2014, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹni mélòó nínú wa ló mọ Justina Ejelonu, nọ́ọ̀sì tó tọ́jú aláìsàn Ebola kan náà tí Adadevoh tọ́jú, tí àrùn náà sì pa ní August ọdún yẹn? Ní 20 October 2014 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Ebola ti kúrò ní Nàìjíríà. Àwọn méjèèjì ló fi ẹ̀mí wọn rà á fún wa.

Àwọn ohun tí àwọn kan lè sọ

Àwọn kan á ní, iṣẹ́ wọn ni, wọ́n sì ń gba owó oṣù fún un. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n owó oṣù ni owó pé ẹni náà wá síbi iṣẹ́, kò lè fi ohun tó ṣe lóru han ẹlòmíràn. Àwọn mìíràn á ní ìyìn kò kún inú, pé ìjọba àti àwọn onílé ìwòsàn lè fi ìwé ẹ̀rí bo owó tí wọn kò san mọ́lẹ̀. Àtakò yìí lágbára, a kò sì fẹ́ fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Àwọn nọ́ọ̀sì da iṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè ní July 2025 nítorí owó àti àìtó òṣìṣẹ́, ẹ̀rí sì wà lẹ́yìn wọn. Ìwádìí Linda Aiken lọ́dún 2014, ní ọsibítù 300 ní orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án ní Yúróòpù, fi hàn pé bí aláìsàn kan bá ti kún iye tí nọ́ọ̀sì kan ń tọ́jú, ewu ikú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ń fi ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Nítorí náà, ìyìn kò gbọdọ̀ rọ́pò owó. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ iṣẹ́ rere lè di ohun ìjà lọ́wọ́ ẹni tó ń béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ìyìn tó ní láárí a máa gbé ènìyàn sípò: Kofoworola Abeni Pratt, tó kọ́ṣẹ́ ní ọsibítù St Thomas' ní London, di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ mètírọ́ọ̀nù UCH ní Ìbàdàn. Àṣẹ ni wọ́n fi bu ọlá fún un.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé a ó máa yin ayédèrú. Ẹ̀rù yẹn tọ́. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé inú kílíníìkì aládàáni ni wọ́n ti kọ́ bí a ṣe ń gún abẹ́rẹ́, tí wọn kò forúkọ sílẹ̀ níbì kankan, tí wọ́n sì ń wọ aṣọ nọ́ọ̀sì. Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè fi gbọdọ̀ ṣáájú ìyìn: ṣé orúkọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ Ìgbìmọ̀ Nọ́ọ̀sì àti Agbẹ̀bí ti Nàìjíríà, tàbí lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àwùjọ? Ṣé àjọ HEFAMAA ti ìpínlẹ̀ Èkó mọ ilé ìwòsàn náà? Ẹ̀rù mìíràn ni pé bí a bá ń yìn wọ́n jù, wọn yóò máa ṣe ju bí iṣẹ́ wọn ṣe mọ lọ. Ọwọ́ wa ni àtúnṣe ìyẹn wà. Ẹ jẹ́ ká ka mímọ ìgbà tó yẹ láti ké pe dókítà sí iṣẹ́ àrà. CHEW tó tètè rán aláboyún tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru lọ sí ọsibítù yẹ fún ọlá ju ẹni tó dá a dúró kí wọ́n lè rí i pé òun gbọ́n.

Bí ẹ ṣe lè ṣe é

Ẹ má fi owó há ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, nítorí ẹni tí kò lówó yóò rò pé òun kò ní rí ìtọ́jú tó dára. Ìwé kékeré kan tó. Ẹ kọ orúkọ ẹni náà, wọ́ọ̀dù rẹ̀, ọjọ́ náà, àti bóyá iṣẹ́ ọ̀sán ni tàbí ti òru. Ẹ wá kọ nǹkan mẹ́ta: ohun tó rí, ohun tó ṣe, ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. “Ó ṣe dáadáa, ó lójú àánú” dára, ṣùgbọ́n “Ní aago mẹ́ta òru, ó rí i pé mímí ìyá mi ti yára jù, ó gbé orí rẹ̀ sókè, ó fún un ní afẹ́fẹ́, ó sì pe dókítà lójú ẹsẹ̀” ni ẹlòmíràn lè fi kọ́ṣẹ́. Ẹni tí kò mọ̀wé lè sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀ kó bá a kọ ọ́. Ẹ má dárúkọ aláìsàn mìíràn sínú rẹ̀. Ẹ fi í lé mètírọ́ọ̀nù lọ́wọ́, tàbí kí ẹ sọ ọ́ sínú àpótí àbá. Ọjọ́ àwọn agbẹ̀bí ni 5 May, ti àwọn nọ́ọ̀sì ni 12 May, ṣùgbọ́n ẹ má dúró de May.

Láàárọ̀, nígbà tí àwọn tó ṣiṣẹ́ òru bá ń fi wọ́ọ̀dù lé àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lọ́wọ́, mètírọ́ọ̀nù lè ka ìwé yín sókè. Ẹni tí ẹ dárúkọ yóò gbọ́, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì yóò gbọ́, yóò sì mọ̀ pé a máa ń ka mímí ní aago mẹ́ta òru. Ẹni tí yóò sùn sórí ibùsùn yẹn lẹ́yìn ìyá yín ló ń jẹ èrè ìwé náà.