Kí Ni Wọ́n Ń Lọ Ṣe Níbi Àpérò?

Tí ọmọ tó ń ṣe PhD bá ní òun fẹ́ wọ bàálù lọ ṣe àpérò ọjọ́ mẹ́rin nílẹ̀ míì, owó ló máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn. Ṣebí ìwé tí wọ́n ń kọ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì? Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀ka ìmọ̀ kan ṣe àpẹẹrẹ.

Gbogbo wa la mọ tọ́búlẹ́ǹsì tó ń mi bàálù. Orúkọ yẹn náà ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi ń pe ìrúkèrúdò omi àti afẹ́fẹ́ gbogbo: èéfín tó ń lọ́ po, omi ẹ̀rọ tí a ṣí tán pátá, odò tó ń ru. Títí dòní, kò tíì sẹ́ni tó fi ìṣirò ṣàlàyé rẹ̀ tán.

Àwọn onímọ̀ yìí ṣe àpérò àgbáyé ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1938. Ogun bẹ́ sílẹ̀, wọn ò rí irú rẹ̀ ṣe mọ́ títí di 1946 ní Paris. Láàárín ìgbà yẹn, lọ́dún 1941, Kolmogorov ní Moscow ṣàlàyé pé omi tó ń yí po ní ńlá máa ń fọ́ sí kéékèèké, kéékèèké náà á tún fọ́, agbára á máa ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn, títí yóò fi di ooru. Bí ìwé ìṣirò owó ló rí: iye tó wọlé lókè ló ń jáde nísàlẹ̀. Onsager ní Amẹ́ríkà, àti Heisenberg òun von Weizsäcker, ará Jámánì, náà ronú dé ibẹ̀, láìgbọ́ nípa Kolmogorov. Batchelor, ọmọ ọdún 26 láti Australia tó ń kàwé ní Cambridge, ló dìde ní Paris tó sọ pé ohun kan náà ni gbogbo wọn ń wí.

Lọ́dún 1961, wọ́n pàdé ní Marseille, ilẹ̀ Faransé. Stewart láti Kánádà gbé iṣẹ́ tí òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọkọ̀ ojú omi ṣe wá, níbi tí omi òkun ti ń ṣàn kíkankíkan ní British Columbia. Ohun tí wọ́n wọ̀n bá ìṣirò 1941 mu! Àmọ́ ní àpérò yẹn kan náà ni Kolmogorov ti wá tún àlàyé ara rẹ̀ ṣe, pé agbára yẹn kì í pín dọ́gba níbi gbogbo. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Irú àpérò bẹ́ẹ̀ ò dáwọ́ dúró. Ti ilẹ̀ Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ ní Lyon lọ́dún 1986. Ní 2011, wọ́n tún padà sí Marseille láti sàmì àádọ́ta ọdún.

Nítorí náà, ẹ má pè é ní fàájì. Ẹ ní kí ọmọ yín kọ́kọ́ béèrè ohun tí yunifásítì máa san. Owó tí ọ̀pọ̀ àpérò ń gbà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kéré sí ti ọ̀jọ̀gbọ́n. Kó tọ́jú rìsíìtì. Tó bá jẹ́ pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ló ṣì ń lò, kó tètè wá físà, torí ìwé ìpè nìkan kì í ṣílẹ̀kùn ẹnubodè. Ẹ bi í ní ohun tó fẹ́ lọ sọ, àti ẹni tó fẹ́ lọ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Tó bá ti lè dáhùn, ẹ jẹ́ kó lọ.