Ogun Ojú Ọ̀run Tí Wọ́n Yọ Ìtàn Rẹ̀ Kúrò

Tí ọmọ bá jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, tó di páàdì mú, tó ń fi ọkọ̀ òfuurufú kan lé òmíì, ìró ìbọn nìkan ni òbí sábà máa ń gbọ́. Àwọn òbí kan á ní, “Pa nǹkan yẹn, jàre!” Àwọn míì á ṣe bí ẹni tí ò rí i. Àmọ́ ìbéèrè kan wà tó yẹ ká kọ́kọ́ béèrè: Kí ló fa ogun tí ọmọ yìí ń jà? Ìbéèrè náà ṣe pàtàkì, torí ó ti ṣẹlẹ̀ rí pé wọ́n ta géèmù kan fáwọn ará ibì kan pẹ̀lú ìtàn rẹ̀, àmọ́ nígbà tí wọ́n máa tà á fáwọn ará ibòmíì, wọ́n ti yọ ìtàn náà kúrò.

Ace Combat 3: Electrosphere lorúkọ géèmù ọ̀hún. Ilé iṣẹ́ Namco ló ṣe é lórílẹ̀-èdè Japan fún ẹ̀rọ PlayStation, ó sì jáde níbẹ̀ ní May 1999.

Ẹni tó o mọ̀ lò ń yìnbọn lù

Ọdún 2040 ni ogun inú géèmù yìí wáyé, ní ilẹ̀ kan tí wọ́n fọkàn yàwòrán rẹ̀, tí wọ́n pè ní Usea. Agbára ti kúrò lọ́wọ́ ìjọba níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ ńlá méjì, General Resource àti Neucom, ló ń pàṣẹ, àwọn náà ló sì ń bára wọn jà. Àjọ kan tó ń jẹ́ UPEO ló ń gbìyànjú láti là wọ́n. Àjọ yìí ni ẹni tó ń gbá géèmù náà ti máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ awakọ̀ òfuurufú, Nemo sì lorúkọ tí wọ́n ń pè é.

Ibi tí awakọ̀ ń jókòó sí nínú àwọn ọkọ̀ ogun wọ̀nyí ò ní gíláàsì tó lè gbà wòta. Ṣe ni wọ́n sé e mọ́nú, tí kámẹ́rà wá ń fi ohun tó wà níta hàn án. COFFIN ni wọ́n pe ètò náà. Lédè Gẹ̀ẹ́sì, pósí lọ̀rọ̀ yẹn túmọ̀ sí.

Nemo láwọn ẹlẹgbẹ́. Rena wà lára wọn, obìnrin tí àìsàn kan ò jẹ́ kí ara rẹ̀ gba oòrùn. Fiona àti Cynthia náà wà níbẹ̀, tẹ̀gbọ́n tàbúrò sì ni wọ́n. Bí ìjà ṣe ń le sí i, àwọn ẹlẹgbẹ́ yìí ń pínyà, kálukú sì ń lọ síbi tọ́kàn rẹ̀ fà sí. Ẹni tó ń gbá géèmù náà ló máa pinnu ẹni tó máa tẹ̀ lé. Bó bá gba ọ̀nà kan, ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ lánàá lè di ẹni tó máa dojú ìbọn kọ lónìí. Bó bá wá yìnbọn, ó mọ orúkọ ẹni náà, ó mọ ohùn rẹ̀, ó sì mọ ohun tó ń dùn ún.

Àwo sídì méjì ló gba gbogbo ìtàn náà. Iṣẹ́ ogun 52 ló wà nínú rẹ̀, ọ̀nà márùn-ún sì ni ìtàn náà lè gbà parí. Ilé iṣẹ́ Production I.G, tí wọ́n mọ̀ dáadáa fún fíìmù aláwòrán yíyà, ló ṣe àwọn ibi tó dà bíi fíìmù nínú rẹ̀.

Ohun tó dé òkè òkun

Nígbà tí géèmù náà máa fi dé Amẹ́ríkà àti Yúróòpù lọ́dún 2000, ó ti di àwo kan ṣoṣo. Iṣẹ́ ogun 52 ti di 36. Kò sí fíìmù aláwòrán yẹn mọ́. Kò sí Rena, kò sí Fiona, kò sí Cynthia, kò sì sí pé ẹnikẹ́ni ń pinnu ẹni tó máa tẹ̀ lé.

Àwa tó ń ṣiṣẹ́ ìtumọ̀ mọ̀ pé iṣẹ́ kékeré kọ́ ni irú ìtàn gígùn bẹ́ẹ̀. Ó ń gba owó, ó ń gba àkókò, ó sì ń gba àwọn tó máa fi èdè tuntun sọ ọ̀rọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀, ẹ wo ohun tó ṣẹ́ kù. Ojú ọ̀run ṣì rẹwà, ọkọ̀ ṣì ń sáré, ìbọn ṣì ń dún. Wọn ò yọ ìbọn kankan kúrò. Ohun tó lè mú kí ọmọ ronú kó tó yìnbọn ni wọ́n yọ.

Àwọn kan tí géèmù náà wù ò gbà kó parí síbẹ̀. Wọ́n kó ara wọn jọ, wọ́n pe iṣẹ́ náà ní Project Nemo, wọ́n sì fínnúfíndọ̀ túmọ̀ ìtàn náà láti èdè Japan sí Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 2016 ni wọ́n tó parí rẹ̀, ọdún 17 lẹ́yìn tí géèmù náà kọ́kọ́ jáde.

Ta tiẹ̀ ni Nemo?

Ẹni tó bá gba ọ̀nà márààrún dé òpin ló máa gbọ́ àṣírí náà. Nemo kì í ṣe èèyàn. Ètò orí kọ̀ǹpútà ni, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Simon ló sì ṣe é. Àfidánwò ni gbogbo ogun náà, inú kọ̀ǹpútà ni Simon ti ń ṣe é, torí ó fẹ́ mọ̀ bóyá Nemo á lè pa Dision, ọkùnrin kan tí Simon ń jowú rẹ̀ nítorí obìnrin. Kódà, lédè Látìn, ohun tí Nemo túmọ̀ sí ni “kò sẹ́nì kankan.” Ẹni tó rò pé òun ń jà fún àlàáfíà tàbí fún òmìnira á wá rí i pé owú ẹnì kan lòun ń bá a jà látìbẹ̀rẹ̀.

Àwọn tó ra àwo kan ṣoṣo yẹn ja ogun náà parí láìgbọ́ ọ̀rọ̀ yìí rárá. Àwọn àgbà sì máa ń sọ pé àgbọ́ìgbọ́tán ló ń dájà sílẹ̀.

Torí náà, ẹ̀yin òbí, kẹ́ ẹ tó pa tẹlifíṣọ̀n, ẹ jókòó ti ọmọ yín fúngbà díẹ̀. Ẹ bi í pé: Ta lò ń bá jà? Kí ló fa ìjà yín? Tí ọkọ̀ rẹ̀ bá já bọ́, ta ló máa sunkún? Tí ọmọ bá rí ìdáhùn, ẹ̀yin méjèèjì ti rí ohun tẹ́ ẹ máa jọ sọ nìyẹn. Tí ò bá sì rí ìdáhùn, ẹ má bínú sí i. Ó lè jẹ́ pé wọn ò fi í sínú àwo tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Ẹ̀yin lẹ máa wá bá a sọ èyí tó kù.