Ohùn Gìtá àti Wáyà tí Ń Gbé e Lọ

Ní ọjọ́ ìkórè kan ní ìlú Ìkọ̀lé, mo jókòó nítòsí àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì ń wo ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń ta gìtá wọn. Inú rẹ̀ kò dùn rárá. Gángan ń sọ̀rọ̀ ketekete, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń dáhùn, ṣùgbọ́n ohùn gìtá tirẹ̀ dà bí ti ẹni tí ó fi aṣọ ìbora bo orí sọ̀rọ̀. Nígbà tí ìsìn parí, ó tọ̀ mí wá, ó ní, "Tíṣà, ẹ kò gbọ́ ọ bí? Gìtá yìí ti gbó. Owó ìdánwò tí ìyá mi fún mi ni n ó fi ra òmíràn." Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó mú sùúrù títí di ìrọ̀lẹ́.

Àwọn baba wa tí ó kọ́kọ́ kọ orin jùjú kò mọ irú ìyọnu yìí, nítorí igi gìtá wọn ni ó ń gbé ohùn jáde. Ní nǹkan bí ọdún 1949 ni Àyìndé Bákàrè bẹ̀rẹ̀ sí í lo ẹ̀rọ láti gbé ohùn gìtá rẹ̀ sókè. Láti ìgbà náà ni gìtá ti ń pọ̀ sí i nínú ẹgbẹ́ jùjú. Ẹni tí ó bá gbọ́ àwo *Juju Music* tí King Sunny Adé gbé jáde ní ọdún 1982 yóò rí i pé gìtá púpọ̀ ni ó ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Bí ohùn òkè ọ̀kan bá sọnù láàárín wọn, a kò ní mọ ohun tí ó ń sọ mọ́.

Báwo ni ohùn òkè ṣe ń sọnù? Lábẹ́ okùn gìtá oníná ni irin òòfà wà, a sì yí wáyà bàbà tín-ín-rín mọ́ ọn ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Bí okùn bá ti ń gbọ̀n lókè òòfà náà, iná díẹ̀ a máa sọ nínú wáyà bàbà yìí. Iná náà kéré, kò sì ní agbára, síbẹ̀ òun ni yóò rin ìrìn-àjò dé inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

Ọ̀nà tí ó ń gbà gan-an ni ọ̀tá rẹ̀. Bí a bá la wáyà gìtá, a ó rí bàbà ní àárín, rọ́bà yí i ká, àwọ̀n wáyà mìíràn sì bo rọ́bà náà. Láàárín bàbà àti àwọ̀n yìí ni iná ti ń fara pamọ́ díẹ̀díẹ̀. Picofarad ni a fi ń wọn ìfarapamọ́ náà, mítà wáyà kan sì sábà máa ń ní nǹkan bí 100. Ohùn ìsàlẹ̀ ń gbọ̀n jẹ́ẹ́jẹ́, nítorí náà kò pàdánù púpọ̀. Ohùn òkè tí ń gbọ̀n kíákíá ni ó ń bá àlàfo yìí lọ. Nínú oríṣi gìtá kan tí ó wọ́pọ̀, bí wáyà bá jẹ́ mítà 5, ohùn rẹ̀ máa ń dán jù lọ níbi tí ó ti ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 4,500 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a bá sọ wáyà náà di mítà 15, ibi dídán náà yóò wálẹ̀ sí nǹkan bí 2,600. Gìtá kò yí padà, wáyà ni ó gùn.

Ó ku ọ̀rọ̀ pẹ́dàlì, àpótí kékeré tí olórin ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ láti pa ohùn gìtá rẹ̀ dà. Nígbà tí a bá pa á, ó yẹ kí ohùn gba inú rẹ̀ kọjá láìyí padà. Púpọ̀ nínú pẹ́dàlì ọdún 1960 sí 1970 kò ṣe bẹ́ẹ̀. Bí a tilẹ̀ pa wọ́n, wọn a tún máa fa díẹ̀ mu nínú ohùn. Nítorí èyí ni àwọn olórin ṣe fẹ́ràn oríṣi tí a ń pè ní true bypass, èyí tí súìsì rẹ̀ ń so ẹnu ọ̀nà ìwọlé mọ́ ti ìjáde tààrà. Ó dára, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbàgbé nǹkan kan: bí a bá pa gbogbo pẹ́dàlì bẹ́ẹ̀, wáyà tí ó ṣáájú wọn, èyí tí ó so wọ́n pọ̀, àti èyí tí ó kẹ́yìn wọn ti di wáyà gígùn kan ṣoṣo.

Oríṣi kejì ni èyí tí ó ní bọ́fà nínú. Ní ààfin àwọn ọba wa, ọba kì í pariwo. Ó lè sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, kí ẹni tí ó dúró tì í sì tún un sọ fún àwùjọ, láìfi kún un, láìyọ kúrò nínú rẹ̀. Iṣẹ́ bọ́fà nìyẹn. Kì í mú kí gìtá pariwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Agbára tí ohùn yóò fi rìn jìnnà ni ó ń fún un, tó bẹ́ẹ̀ tí mítà 15 kò ní jẹ́ nǹkan kan mọ́. Ilé-iṣẹ́ Boss ti ilẹ̀ Japan ti ń fi bọ́fà sínú pẹ́dàlì láti ọdún 1977.

Kì í ṣe pé bọ́fà kò ní àléébù. Iná ni ó ń jẹ. Bí bátìrì rẹ̀ bá kú láàárín orin, gìtá dákẹ́ nìyẹn, nígbà tí true bypass tí a pa yóò ṣì jẹ́ kí ohùn kọjá. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn pẹ́dàlì kan, bí Fuzz Face tí a kọ́kọ́ ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1966, kì í fẹ́ kí bọ́fà wà láàárín àwọn àti gìtá. Ohùn wọn a máa le koko bí a bá ṣe é bẹ́ẹ̀. Irú wọn ni ó yẹ kí ó ṣáájú, kí bọ́fà tẹ̀ lé e.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, a yọ gbogbo pẹ́dàlì kúrò, a sì fi wáyà kúkúrú kan so gìtá mọ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ohùn náà mọ́ gaara. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wò mí, kò lè sọ̀rọ̀. True bypass ni pẹ́dàlì rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wáyà tí ó sì fà yí ẹ̀gbẹ́ ògiri ṣọ́ọ̀ṣì ká ju mítà 15 lọ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí ń kàwé ní Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ní Ọ̀yẹ́ yá a ní pẹ́dàlì kan tí ó ní bọ́fà. Ní ọjọ́ ìsinmi tí ó tẹ̀lé e, ó fi í ṣáájú mẹ́ta ìyókù, gìtá àtijọ́ náà sì ń dá gángan lóhùn. Ní ọjọ́ Ajé ó san owó ìdánwò rẹ̀.