Fà-á-kí-n-fà-á tó ń bọ́ ẹ̀wù lára ẹ̀rọ amúnáwá

Iná inú ẹ̀rọ amúnáwá tó ń lo gáàsì, irú èyí tó wà ní Ọlọ́runṣògo ní ìpínlẹ̀ Ògùn, máa ń gbóná kọjá ìwọ̀n Celsius 1,000. Irin tó dojú kọ irú iná bẹ́ẹ̀ nílò ààbò. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ fi máa ń wọ ẹ̀wù seramíìkì fún un. Zirconia tí wọ́n po yttria díẹ̀ mọ́ ni wọ́n ń lò jù.

Iná plasma, tí ooru rẹ̀ lè ju 10,000 lọ, ni wọ́n fi ń yọ́ lẹ́búlẹ́bú zirconia, tí wọ́n sì ń fín in sára irin. Ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan á tẹ́ pẹlẹbẹ, á sì tutù lójú ẹsẹ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kán náà fẹ́ súnkì, ṣùgbọ́n ohun tó lẹ̀ mọ́ kò gbà fún un, ni yóò bá sán wẹ́wẹ́. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá tún wá ń tutù, irin á súnkì ju seramíìkì lọ, á sì máa fún un pọ̀.

Ọwọ́ ẹni tó ń fín in ni púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí wà. Bí irin bá tutù jù, ẹ̀kán kò ní lẹ̀ dáadáa; bó bá gbóná jù, ìfúnpọ̀ á le sí i lẹ́yìn tó bá tutù. Bí ìbọn ìfín bá jìnnà jù, ẹ̀wù á kún fún ihò, kò sì ní lágbára. Síbẹ̀, ihò níwọ̀nba wúlò: ó ń dènà ooru, kì í sì í jẹ́ kí ẹ̀wù gan jù. Ẹ̀wù tó nípọn ń dáàbò boni lọ́wọ́ ooru, àmọ́ òun ló tètè ń ṣí.

Láti mọ bí ìfà náà ṣe pọ̀ tó, àwọn onímọ̀ máa ń fín irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, wọ́n á sì wọn bó ṣe tẹ̀. George Stoney ló gbé ìpìlẹ̀ ìṣirò rẹ̀ jáde lọ́dún 1909.

Owó ni gbogbo èyí jẹ́ fún ilé iṣẹ́. Bí ẹ̀wù bá ṣí, irin á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ, wọ́n á pa ẹ̀rọ, iná tí kò sì sí kò ṣe é tà. Nítorí náà, kí ẹni tó fẹ́ gbé iṣẹ́ yìí fún agbaṣẹ́ṣe má béèrè iye owó nìkan. Kó béèrè bí wọ́n ṣe ń gbóná irin, bí ìbọn ṣe ń jìnnà sí i, àti bí ẹ̀wù yóò ṣe nípọn tó. Ọ̀pọ̀ tó tètè ṣí, ọ̀wọ́n ni.