Ajá Ilé ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà Àkókó: Ìtàn, Ìwà àti Ọ̀rọ̀ 'Dìgbòlugi'

Ajá kékeré tí ó wọ́pọ̀ ní agboolé Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà kò ní ìwé ìran. Irun rẹ̀ kúrú, àwọ̀ rẹ̀ sábà máa ń pọ́n bí erùpẹ̀, ìrù rẹ̀ a sì máa ká sókè. Èyí kò fi hàn pé kò ní ìtàn. Ọwọ́ ọdẹ àti àgbẹ̀ ni ó ti dàgbà láti ìran dé ìran, ìlò ni ó sì pinnu èyí tí wọ́n dá sí. Ajá tí ó jọ ọ́ láti Kóńgò, Basenji, dé ibi ìpàtẹ Crufts ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1937, ó sì di ẹ̀yà tí wọ́n ń kọ ìran rẹ̀ sílẹ̀. Ti Àkókó kò rí akọ̀wé.

Ní ti ìwà, òwe ti ṣe iṣẹ́ náà: ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ìgbọràn ni a fi ń mọ ajá rere. Ó ń fura sí àlejò, ṣùgbọ́n ọmọ ilé lè fa á létí. Wọ́n a tún máa sọ ọ́ ní orúkọ bíi Tanímọ̀la, kí aládùúgbò tí ọ̀rọ̀ kàn lè gbọ́. Ajá ni a pè, ẹlòmíràn ni ó yẹ kí ó dáhùn.

Eégbọn àti aràn inú ń yọ ọ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n dìgbòlugi ni ó léwu jù lọ. Bí a bá tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀, 'dìgbò lu igi' ni: ajá tí orí rẹ̀ ti dàrú, tí ó ń sáré kọlu igi. Ẹni tí ó sọ ọ́ lórúkọ la ojú sílẹ̀ dáadáa, àmọ́ ìdajì àrùn náà ni ó rí. Ìdajì kejì dákẹ́. Ajá a fara pamọ́ sábẹ́ àga, àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ a rọ̀, itọ́ a máa ṣàn, kò sì ní lè gbé oúnjẹ mì. Olówó rẹ̀ lè rò pé eegun ni ó há a lọ́fun, kí ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Inú itọ́ náà gan-an ni kòkòrò àìfojúrí tí ó fa àrùn yìí wà, ojú ọgbẹ́ kékeré sì tó o wọlé. Olùkọ́ tí ó bá fi 'dìgbòlugi' kọ́ni ní ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ lè fi kún un pé ajá tí kò kọlu igi kankan náà lè ní in.

Lára ènìyàn, àmì rẹ̀ sábà máa ń pẹ́ tó oṣù méjì sí mẹ́ta kí ó tó yọ, nígbà tí egbò ti jiná tí ọkàn sì ti kúrò níbẹ̀. Bí ó bá ti yọ, agbára káká ni ẹnikẹ́ni fi ń yè é. Nítorí náà, ọṣẹ àti omi ni kí a fi fọ ojú ibi tí ajá bù jẹ fún ìṣẹ́jú 15, kí a sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà fún abẹ́rẹ́ àjẹsára, irú èyí tí Louis Pasteur kọ́kọ́ lò fún ọmọdékùnrin kan ní ọdún 1885. Bí ajá ìlú bá tó ìdá 70 nínú 100 tí ó gba tiwọn, àrùn náà kò ní rí ọ̀nà tàn mọ́. Ọmọ ajá ń bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà ẹran láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta.